Wòlíì Tó Hù Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Títì

Àárọ̀ Jímọ́ọ̀ la jí bá sàréè níbi tí ewúrẹ́ Buazza, onílé ẹran yíyan, sùn sí lọ́jọ́ tó ṣáájú.

Sàréè gidi ni. Wọ́n fi símẹ́ǹtì mọ ọ́n, wọ́n fi ẹfun kùn ún, wọ́n wá ri òkúta pẹlẹbẹ kan mọ́ ibi orí ẹ̀. Wọ́n gbẹ́ orúkọ sí òkúta náà lára: Sidi Maymun, tó kú láyé àwọn baba ńlá wa. Ẹ̀gbẹ́ márosẹ̀ ló wà gangan, láàárín ilé epo àti ilé ẹran yíyan, níbi táwọn awakọ̀ akẹ́rù máa ń dúró tọ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Sidi Maymun rí. Ṣùgbọ́n kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti wo eyín ríro sàn fún ọkùnrin kan, ó ti jẹ́ kí akẹ́rù kan tó kú síbẹ̀ látàná dìde, obìnrin kan láti abúlé òkè sì ti ń ta àbẹ́là lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Èèrà pàápàá wá kí i. Wọ́n tò gùn ún, wọ́n tò sọ̀kalẹ̀, wọn ò ṣíwọ́. Àwọn àgbà ní èèrà kì í dédé bọ̀wọ̀ fún èèyàn bẹ́ẹ̀.

Gbogbo ìlú ń yọ̀, àfi Màmá Yamna.

Kẹ́ ẹ lè mọ ìdí ẹ̀, ẹ wo bí ìlú wa ṣe rí. Ain Zura ò ju títì kan lọ. Márosẹ̀ ló là á já, gbogbo ṣọ́ọ̀bù kọjú sí i, kálukú ló sì ní ẹnu ọ̀nà tiẹ̀ tí mọ́tò ń gbà wọlé. Akẹ́rù ń sáré bọ̀, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń sọdá, ẹnì kan ń fẹ̀yìn jáde níwájú ilé ẹran, ẹlòmíì ń yà sílé epo, gbogbo wọn jọ ń bú ìyá ara wọn. Ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ ìlú fi ní àwọn á ya títì kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ márosẹ̀. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù á sún sẹ́yìn, mọ́tò á máa gba ẹnu méjì péré wọlé, ọ̀kan lápá ilé epo, ọ̀kan lápá ilé ẹran, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ á wà lọ́tọ̀, ibi ìgbọ́kọ̀sí á wà lọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ tó dáa ni. Gbogbo wa la fara mọ́ ọn, títí ó fi kan ṣọ́ọ̀bù kálukú wa.

Ojú ọ̀nà títì kékeré yẹn gan-an ni Sidi Maymun wá sùn sí. Ta ló máa wó sàréè wòlíì, ẹni tó sún mọ́ Ọlọ́run? Alága ìlú ò jẹ́ dán an wò, torí ìbò ń bọ̀. Ni wọ́n bá pe ìpàdé lọ́jọ́ Sátidé. Munsif, ọmọ ìlú wa tó jẹ́ awọnlẹ̀ fún ìgbìmọ̀, dìde, ó tẹ́ ìwé àwòrán tuntun sílẹ̀. Ó ní kò le rárá, títì á kàn yí gba ẹ̀yìn wòlíì, á sì padà sójú ọ̀nà ẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Inú ibi tó máa yí gbà yẹn ni ààrò Màmá Yamna wà, ààrò tí gbogbo àdúgbò ń gbé ìyẹ̀fun pípò wá sun, tí òun àti àbúrò ẹ̀ afọ́jú sì ń sùn lẹ́yìn ògiri ẹ̀. Wọ́n ní katakata á wó o láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Màmá Yamna nu ìyẹ̀fun kúrò lọ́wọ́, ó gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lọ. Ó ní, "Wọ́n fi òkú jí ilé mi."

Ọlọ́pàá tó wà nídìí tábìlì rẹ́rìn-ín débi pé tii gba imú ẹ̀ jáde. Sájẹ́ǹtì Tuda, tó jókòó lẹ́yìn ẹ̀, ò rẹ́rìn-ín. Ó wọ bàtà ẹ̀, ó ní kí màmá máa bọ̀.

Ẹ mọ̀ pé obìnrin kúkurú ni Tuda, kì í lè dúró sójú kan. Òkúta kékeré kan máa ń wà nínú bàtà ọ̀tún ẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá ní ẹjọ́ lọ́wọ́. Ó ní ìrora yẹn ni kì í jẹ́ kí òun gbàgbé pé nǹkan kan ò tíì tọ́. Ọjọ́ tó bá mú olè, á yọ ọ́ dànù. Bó ṣe ń tiro bọ̀ lójú títì lọ́sàn-án Sátidé yẹn, gbogbo ẹni tó ní nǹkan lára bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara wọn ṣe.

Munsif ló kọ́kọ́ sáré pàdé ẹ̀. Ọmọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, kódà okùn bàtà ẹ̀ gùn dọ́gbadọ́gba. Ó gbé agbòòrùn sórí Sájẹ́ǹtì, ó ṣàlàyé àwòrán títì fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó bá a lé àwọn ọmọdé. Tuda ò gbọ́ ìdajì ẹ̀. Ó ti lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè, ó ń wo èèrà. Ó fi èékánná ha ẹfun ara ẹ̀ díẹ̀, ó fi sẹ́nu.

Àwọn èèyàn mí kanlẹ̀.

"Ṣúgà," ni Tuda wí.

Ó wá ṣàlàyé. Ẹfun tuntun máa ń funfun gbòò. Ẹni tó kun èyí fẹ́ kó dà bí ohun àtijọ́, ló bá da tii sí i lára kó lè pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Tii tó wà nínú ìkòkò lọ́wọ́ ẹ̀ ló dà, tòun ti ewé míǹtì àti ṣúgà tí wọ́n ti rò mọ́ ọn. Kí ni èèrà á wá ṣe ju kí wọ́n wá jẹun?

A rò pé ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Àmọ́ obìnrin alábẹ́là ní bóyá wòlíì fẹ́ràn tii nígbà ayé ẹ̀, àwọn kan sì ní òótọ́ ni, àwọn mọ ẹbí kan tó fẹ́ràn tii bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin eléyín ní ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan sàréè yẹn, òun á kọ́kọ́ fọ́ eyín tiẹ̀. Lèmọ́ọ̀mù Kaddur wá fi pẹ̀lẹ́ sọ fún Tuda pé èèrà ò lè jẹ́rìí. Tí kò bá mú ẹni tó ṣe é wá, kí ẹni náà jẹ́wọ́ lójú gbogbo wa, òun ò lè fọwọ́ sí kí wọ́n hú sàréè. Ó ku ọ̀la nìkan kí katakata tó ṣiṣẹ́.

Tuda tiro lọ sílé ẹran.

Gbogbo ìlú ti dájọ́ fún Buazza kó tó débẹ̀. Ègé ẹran ńlá ni Buazza fúnra ẹ̀, ikùn ẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ jáde kí oníbàárà. Ó ti fi òpó mẹ́rin gbé ibòji kọ́ síwájú ilé ẹran ẹ̀, tábìlì kún abẹ́ ẹ̀, gbogbo èèyàn ló sì mọ̀ pé ilẹ̀ ìjọba ló wà. Tí títì bá gba ibi tó yẹ kó gbà, ibòji yẹn lè lọ. Símẹ́ǹtì tún wà lára ṣòkòtò ẹ̀. Tuda rí àpò símẹ́ǹtì tó ti dé ìdajì lẹ́yìn ilé, ó rí síbí ìrẹ́lé tó ṣì tutù. Ó bi í níbo ló wà nírọ̀lẹ́ Alàmísì. Ó ní òun ń wo bọ́ọ̀lù ní ilé tii bíi ti gbogbo ọkùnrin ìlú, kò sì parọ́, torí ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá fẹ́ lè kọ́ mọ́sálásí sójú títì kẹ́nikẹ́ni ó má mọ̀. Símẹ́ǹtì ńkọ́? Ó ní ihò èéfín orí òrùlé lòun fi tún ṣe.

Tuda gorí àkàbà pẹ̀lú òkúta nínú bàtà. Ihò èéfín tuntun wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ aládùúgbò. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, bíríkì kan já bọ́.

"Sájẹ́ǹtì, ẹ fojú ara yín wò ó," ni Buazza wí látilẹ̀. "Ṣé ẹni tó kọ́ ìyẹn ló lè kọ́ sàréè tó gún régé báyẹn? Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní ṣe wòlíì bíńtín. Màá fi òrùlé rìbìtì lé e. Màá sì sin ín síwájú ilé ẹran mi níbí. Ẹ wo bó ṣe jìnnà tó. Kí àwọn tó wá kí i tó rìn dé ọ̀dọ̀ mi, ebi ti kúrò lójú wọn."

Tuda wo ihò èéfín, ó wo sàréè lókèèrè. Gbogbo igun sàréè yẹn ló dọ́gba, bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé ọṣẹ. Ó sọ̀kalẹ̀, ó ní kí Buazza má jìnnà sílé, ó kọjá.

Si Lahbib, olówó ilé epo, ló kàn; "Si" là ń fi pe ẹni táa bá bọ̀wọ̀ fún. Ó ti ṣiṣẹ́ títí nílùú àwọn olówó epo kó tó padà wálé, kì í sì í jẹ́ ká gbàgbé. Ilé epo ẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà tó fẹ̀ bí odò. Títì kékeré yẹn á dí i, á ní kí òun náà máa bá wa gba ẹnu méjì péré yẹn. Òun ló tún kọ́kọ́ da aṣọ àwọ̀ ewé bo Sidi Maymun, kó tó di ìrun Jímọ́ọ̀ pàápàá. Tuda bi í níbo ló ti rí aṣọ kíá báyẹn, àbí wòlíì ti ránṣẹ́ sí i ṣáájú.

Lahbib mú un lọ sí yàrá ìrun tó wà lẹ́yìn ilé epo. Ojú fèrèsé ibẹ̀ ṣófo, oòrùn ń jó ẹní. "Kọ́tìnì mi ni," ló wí. "Àwọn tó bá dúró kí wòlíì á ra epo. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?"

Wọ́n gbé tii wá. Tuda mu ún, ojú ẹ̀ súnkì. Ó béèrè ṣúgà. Ọmọ iṣẹ́ wo ojú Lahbib, Lahbib wo ilẹ̀. Ni wọ́n bá sọ fún un pé látìgbà tí dókítà ti ní kó má jẹ ohun dídùn mọ́, kò lè rí i kí inú ẹ̀ má bàjẹ́, ló bá lé ṣúgà kúrò nílé, ó lé e kúrò nílé epo. Àwọn awakọ̀ ń fi ṣúgà tiwọn sápò wá mu tii. Tuda mu tii kíkorò yẹn tán, ó tún ní kí wọ́n bu òmíì wá. Ó jọ pé ó dùn mọ́ ọn.

Nígbà tó fẹ́ dìde ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí ẹní yàrá ìrun. Wọn ò tẹ́ wọn bá ògiri dọ́gba, wọ́n wọ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó bi Lahbib kí ló dé. Ọkùnrin náà ní níbi tóun ti ṣiṣẹ́ lòun ti mọ ibi tí Kíbúlà wà gan-an, ibi tí Mùsùlùmí ń kọjú sí kírun. Òpó tẹlifóònù tó wà lórí òkè yẹn ló bá a mu. Ó ní mọ́sálásí ìlú wa kọjú sí ilé omi gíga, ó ti yà díẹ̀, òun sì ti bá Lèmọ́ọ̀mù jà lórí ẹ̀ títí ó fi sú òun.

Tuda dúró jẹ́ẹ́. Èyí ò wọ́pọ̀. Lẹ́yìn náà ló jáde, ó ń tiro lọ sókè ibi ìsìnkú àtijọ́, kíákíá, àwa táa ń tẹ̀ lé e lókèèrè ò lè bá a.

Lèmọ́ọ̀mù Kaddur ló bá a níbẹ̀. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ pé bí wọ́n bá sin Mùsùlùmí, wọ́n á fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ẹ̀ lélẹ̀, wọ́n á sì kọjú ẹ̀ sí Kíbúlà. Tuda ń lọ láti sàréè kan sí òmíràn, ó ń dúró lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń wo iwájú. Àwọn tó kú lọ́dún tó kọjá, àwọn tí òjò ti fọ orúkọ wọn dànù, gbogbo wọn pátá ló kọjú sí ilé omi gíga. Lèmọ́ọ̀mù ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìràwọ̀ làwọn baba ńlá fi wọ̀n ọ́n, bóyá wọ́n ṣì í díẹ̀, Ọlọ́run mọ èrò ọkàn wọn. Látìgbà yẹn, ẹni tó bá ń gbẹ́ sàréè tuntun á kàn wo ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, á gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń wọ̀n ọ́n mọ́.

"Sidi Maymun ńkọ́?" ni Tuda bi í. "Ibo ló kọjú sí?"

Lèmọ́ọ̀mù ronú. Ó na ọrùn, ó wo sàréè funfun tó wà nísàlẹ̀ létí márosẹ̀. Ẹnu ẹ̀ là díẹ̀díẹ̀. Òpó tẹlifóònù ni wòlíì kọjú sí, gbọnrangandan, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì.

Tuda ní, "Baba ńlá yìí mọ̀ ọ́n ju gbogbo baba ńlá yòókù lọ. Ẹni tó sin ín tọ̀nà jù."

Lọ́sàn-án Àìkú, wọ́n gbé katakata dé. Awakọ̀ ẹ̀ gúnlẹ̀ síwájú ààrò, ó yí ẹnu rẹ̀ sí ilẹ̀kùn Màmá Yamna, ó lọ jẹun. Màmá Yamna ń fi igi gígùn ti búrẹ́dì wọnú iná, ó ń fà á jáde, ó tún ń tì í, bíi pé kò rí irin ńlá tó la ẹnu sí i. Àbúrò ẹ̀ afọ́jú ló ń bi í ṣáá pé kí ni nǹkan tó ń rùn bí epo yẹn.

Tuda ní kí wọ́n pe Buazza, Lahbib àti Lèmọ́ọ̀mù wá sí pápá tó wà lẹ́yìn sàréè, ó ní òun fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Munsif ò dúró kí wọ́n pè é, ó ti gbé agbòòrùn dé. Wọ́n sọ̀rọ̀ lórí ohun tí kò ní láárí títí ìrun Alásárì fi tó. Ni Tuda bá gbé ẹní mẹ́rin jáde látinú mọ́tò ẹ̀, ó fún kálukú ní ọ̀kan. Ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí Ọlọ́run dúró nítorí tòun, kí kálukú tẹ́ tiẹ̀ níbi tó wà.

Kò sí ògiri ní pápá yẹn, kò sí mọ́sálásí tí wọ́n á wò. Buazza ò tiẹ̀ gbójú sókè, ó ju ẹní sílẹ̀, ó kọjú sí ilé omi gíga bó ṣe ń ṣe látìgbà tó ti wà lọ́mọdé. Lèmọ́ọ̀mù náà kọjú síbẹ̀. Lahbib wo àwọn méjèèjì bí ẹni wo ọmọdé tó wọ bàtà òdì, ó kọjú sí òpó tẹlifóònù.

Ó ku Munsif. Ó wo Buazza, ó wo Lèmọ́ọ̀mù, ó tẹ́ ẹní sí ọ̀nà tiwọn. Ó dúró lórí ẹ̀. Ó wo iwájú. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó yí ẹní náà díẹ̀. Ó dúró, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó tún yí i. Ìgbà tó fi máa gbọ́wọ́ sókè láti kírun, òpó tẹlifóònù ló wà níwájú ẹ̀ tínrín. Ara ẹ̀ ò kàn gbà pé kó dúró níwájú Ọlọ́run ní wíwọ́.

Tuda jẹ́ kí wọ́n kírun tán. Lẹ́yìn ẹ̀ ló yá okùn tí Buazza fi ń so àgùntàn, okùn méjì. Àwọn èèkàn olórí pupa tí Munsif fi sàmì sí títì ṣì wà nílẹ̀ lápá ilé epo, wọ́n tò bọ̀, wọ́n dáwọ́ dúró kí wọ́n tó dé sàréè. Àwọn mìíràn tò bọ̀ láti apá ilé ẹran, àwọn náà dáwọ́ dúró. Munsif ti sọ fún gbogbo ayé pé nítorí ọ̀wọ̀ wòlíì lòun ṣe yọ ti àárín. Tuda so okùn kan mọ́ èèkàn apá ilé epo, ó nà án bá gbogbo wọn, kò dúró, ó fà á kọjá. Ó ní kí Buazza fa ìkejì bọ̀ láti apá tiẹ̀.

Okùn méjèèjì ò pàdé. Wọ́n kọjá lára ara wọn bí ìyàwó ilé méjì tó ń bára wọn jà, àlàfo àárín wọn tó yàrá kan. Inú àlàfo yẹn ni Sidi Maymun nà gbalaja sí.

"Si Munsif," ni Tuda wí, ohùn ẹ̀ ò sì le rárá, "títì kan lẹ yà, àbí méjì?"

Munsif ń pa agbòòrùn dé, ó ń ṣí i.

Tuda ò jẹ́ kí ẹlòmíì sọ̀rọ̀. Ó ní nígbà tí òun rí ibi tí wòlíì kọjú sí, èèyàn méjì ló bọ́ sí òun lọ́kàn, torí àwọn méjì péré nílùú yìí ló bìkítà ibi tí Kíbúlà wà gan-an, Si Lahbib àti awọnlẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n Si Lahbib ò ní ṣúgà tó lè dà sára wòlíì. Tó bá sì jẹ́ òun ni, ẹnu ilé epo ẹ̀ ni ìbá sin ín sí, bí Buazza náà ò bá ti sin tiẹ̀ síbòmíì ju iwájú ilé ẹran. Ẹni tó sin èyí ò gbèjà ṣọ́ọ̀bù kankan. Àlàfo ló ń bò. Ta ló sì mọ̀ pé àlàfo wà, bí kò ṣe ẹni tó yà á?

Ibẹ̀ ni Munsif jókòó sí lórí ìyẹ̀pẹ̀, pẹ̀lú ṣòkòtò funfun. Ó jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀, ó ń sọ ọ́ kíákíá bí ẹni tó ti ń dúró kí wọ́n bi í. Ọ́fíìsì tó wà ní olú ìlú ìpínlẹ̀ ló ya ìdajì títì láti apá ilé epo, òun ló ya ìdajì kejì láti apá ilé ẹran. Ọjọ́ ọjà ló lọ wọn tiẹ̀. Èrò pọ̀, àgọ́ pọ̀, ó rí òpó ibòji Buazza, ó rò pé iwájú ògiri ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, ó wọ̀n ọ́n láti ibẹ̀. Ìgbà tó máa mọ̀, Alága ti fọwọ́ sí i, àwọn ńláńlá ti wá jẹ kúsíkúsì lórí ẹ̀, wọ́n ti ya fọ́tò pẹ̀lú ẹ̀. Báwo ni yóò ṣe sọ fún wọn pé títì ò pàdé ara ẹ̀? Ó wá nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò ní béèrè ìdí tí títì fi yí níbẹ̀. Ó ronú, ó ronú, wòlíì nìkan ló rí.

"Mo rò pé ààrò lásán ni," ló wí.

Màmá Yamna ti débẹ̀, ìyẹ̀fun ṣì wà lápá ẹ̀. "Ẹ̀yìn ààrò lásán yẹn ni mo ń sùn, ọmọ mi," ló dá a lóhùn. "Níbẹ̀ ni ìyá ẹ náà máa ń jókòó sí nígbà tí oyún ẹ wà nínú ẹ̀, tó ní òórùn búrẹ́dì nìkan ni kì í jẹ́ kí òun bì."

Munsif dojú bolẹ̀.

Lèmọ́ọ̀mù fọwọ́ sí i. Lahbib kọ́kọ́ ká kọ́tìnì ẹ̀ kúrò, ó gbọn èèrà dànù lára ẹ̀, wọ́n wá fi ọkọ́ fọ́ sàréè. Kò sí egungun kankan. Àpò ṣúgà kan ni wọ́n bá, àwọn èèkàn olórí pupa àárín títì ló kún inú ẹ̀. Munsif ò lè jù wọ́n nù, ó ti nu ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ kó tó sin ín. Alábẹ́là béèrè lọ́wọ́ gbogbo wa ta ló máa ra ọjà tó kù lọ́wọ́ òun. Eyín ọkùnrin eléyín bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó lójú ẹsẹ̀.

Kí Tuda tó mú Munsif lọ, Munsif bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kóun fi èèkàn síbi tó yẹ. Tuda gbà fún un. Munsif gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ẹ̀ kalẹ̀, ó di ojú kan, ó bẹ̀rẹ̀ láti apá ilé epo, ó ń kàn án mọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí dé iwájú ilé ẹran. Ọ̀nà gún bí ọfà. Kò sún mọ́ ààrò rárá. Àárín tábìlì Buazza ló gbà kọjá, lábẹ́ ibòji. Awakọ̀ katakata wò ó, ó gun orí irin ẹ̀, ó yí i padà, ẹnu ẹ̀ kúrò nílẹ̀kùn Màmá Yamna, ó kọjú sí ilé ẹran. Màmá Yamna gbé búrẹ́dì gbígbóná kan lé Munsif lọ́wọ́ nínú mọ́tò ọlọ́pàá. Kò sọ pé òun dárí jì í. Ó kàn ní kó jẹ ẹ́ kó tó tutù.

Tuda yọ òkúta kúrò nínú bàtà, ó jù ú sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti Sátidé táa máa rí i tó rìn láìtiro.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó padà wá wo bí wọ́n ṣe máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èéfín ààrò Màmá Yamna ń lọ sókè. Ṣùgbọ́n katakata dúró, awakọ̀ ẹ̀ ṣí fìlà lọ́wọ́, èrò sì kún iwájú ilé ẹran pítípítí. Tuda là wọ́n já.

Sàréè kan ló wà lábẹ́ ibòji, láàárín tábìlì. Ó tóbi. Òrùlé rìbìtì wà lórí ẹ̀, ó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ aládùúgbò. Wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀: Sidi Mubarak, ẹ̀gbọ́n Sidi Maymun. Ilé omi gíga ló kọjú sí, gẹ́lẹ́ bíi ti gbogbo baba ńlá wa. Kò sí èèrà kan ṣoṣo lára ẹ̀. Ológbò ló yí i ká, gbogbo ológbò ìlú, wọ́n ń lá ọbẹ̀ ẹran tí wọ́n fi pa á láwọ̀.

Buazza jáde pẹ̀lú ikùn níwájú, ó kí i dáadáa. Ó ní, "Sájẹ́ǹtì, ẹ ò rí bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ràn ìlú wa."

Tuda fọwọ́ kan òrùlé rìbìtì yẹn, èérún kan bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó wò ó, ó bọ́ bàtà ọ̀tún, ó jù ú sínú ẹ̀, ó wọ̀ ọ́ padà. Ó wá fa àga kan, ó jókòó ti wòlíì.

"Yan ẹran fún mi, Si Buazza," ló wí. "Kó o sì jẹ́ kí àlejò ẹ gbọ́ pé tí mo bá jẹun tán tí kò tíì dìde kúrò níbí, ẹ̀yìn mọ́tò mi lẹ̀yin méjèèjì máa jọ jókòó sí."